Píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tó fẹ́ gbé ẹrù tuntun: ohun tó yẹ kí awakọ̀ Òkè-Ògùn mọ̀ kó tó pààrọ̀ axle

Tí òjò bá ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì léra wọn ní Tẹ̀dé, ẹni tó ní oko lọ́nà jínjìn kì í béèrè mọ́ bóyá ọkọ̀ lè dé oko. Ohun tó máa ń béèrè ni irú ọkọ̀ tó lè dé ibẹ̀, tí yóò sì tún gbé ẹrù bọ̀. Ilẹ̀ pupa tó le bí àpáta nígbà ọyẹ́ yóò ti di ẹrẹ̀ tó ń mu ẹsẹ̀, àwọn odò kéékèèké tó ti gbẹ yóò ti kún, bẹ́ẹ̀ iṣu àti gbágùúdá kò ní í dúró de ẹnikẹ́ni, ọjọ́ ọjà kò sì ní í yẹ̀. Ìdí rèé tí píkọ́ọ̀pù tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi níyì láàrin àwọn àgbẹ̀ àti àwọn alájàpá láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn píkọ́ọ̀pù náà ti dàgbà ju ọmọ tó ń wà wọ́n lọ.

Tẹ̀dé ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1996, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìlú náà kò jìnnà sí ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tó wà ní agbègbè Ọ̀yọ́-Ilé, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró, tí ìjọba sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè lọ́dún 1991. Kódà, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka márùn-ún tí wọ́n pín ọgbà náà sí ń jẹ́ orúkọ Tẹ̀dé. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni gbogbo ibẹ̀: igi fọ́nká, koríko ga, òkúta pọ̀, ọ̀nà oko sì jìnnà. Lóòótọ́, ìjọba ti tún àwọn ọ̀nà ńlá kan ṣe, bí ọ̀nà Móníyà sí Ìsẹ́yìn tó tó 65 kìlómítà, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó ń da ọ̀dà sí ọ̀nà tó lọ sí oko alágbàro. Ibẹ̀ sì ni ọkọ̀ ti máa ń fọ́.

Ohun tó sábà máa ń fọ́ níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Axle ni irin gbọọrọ tó dábùú abẹ́ ọkọ̀, tó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ tòsì. Píkọ́ọ̀pù tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn ní méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Láàrin axle kọ̀ọ̀kan ni ikùn rẹ̀ ti yọ bí ìkòkò, ibẹ̀ sì ni difrẹ́ńṣà wà. Nínú ìkòkò yìí, jíà kékeré kan tó wà lẹ́nu pùròpẹ́là ń yí jíà ńlá kan, jíà ńlá yìí ló sì ń pín agbára fún irin méjì tí a ń pè ní ṣáàfù, ọ̀kan lọ sọ́tùn-ún, ọ̀kan lọ sósì, tí wọ́n ń yí táyà. Iṣẹ́ méjì ni axle ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń ru ìwúwo ọkọ̀ àti ẹrù, ó sì ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà. Awakọ̀ tó bá ní axle òun fọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èwo nínú iṣẹ́ méjèèjì ló pa á, nítorí oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ ká wo ti agbára ná. Nínú Toyota Hilux àtijọ́, jíà kìíní ń sọ agbára ẹ́ńjìnnì di ìlọ́po 3.9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Bí awakọ̀ bá tún fa ọ̀pá kejì sí ipò tó lọ́ra jù, ìyẹn èyí tí wọ́n ń lò nínú ẹrẹ̀, ìlọ́po 2.28 mìíràn dé. Difrẹ́ńṣà yóò tún fi 4.10 kún un. Ẹ bá wa fi wọ́n lu ara wọn: ó lé ní ìlọ́po 36. Agbára tó jáde lẹ́nu ẹ́ńjìnnì bí ọmọ kékeré ti di òmìrán kó tó dé ọ̀dọ̀ ṣáàfù. Níwọ̀n ìgbà tí táyà bá ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ṣáàfù ń sinmi, nítorí kò sí ohun tó dá a dúró. Ewu wà níbi tí táyà tó ń yọ̀, tó ń sáré yí, bá ṣàdédé di òkúta mú. Gbogbo agbára náà yóò padà sórí irin tí kò nípọn tó ọrùn ọwọ́ àgbàlagbà. Ibẹ̀ ni awakọ̀ ti máa ń gbọ́ ìró kan ṣoṣo, gbàù, tí ọkọ̀ kò sì ní í lọ mọ́.

Táyà ńlá ń dá kún ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ra táyà tó ga ju èyí tí ilé-iṣẹ́ fi sí ọkọ̀ lọ, kí ikùn ọkọ̀ lè kúrò nílẹ̀. Ó dára, ṣùgbọ́n bí táyà bá ṣe ga sí ni ilẹ̀ ṣe ń rí ọ̀pá gígùn fi yí ṣáàfù padà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi páìpù gígùn bọ ẹnu sípánà láti fi tú nọ́ọ̀tì tó le. Páìpù yẹn a máa tú nọ́ọ̀tì. Ìgbà mìíràn, bóòtì ló máa ń já.

Ti ẹrù yàtọ̀ sí èyí. Bíi tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe irú píkọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ láti gbé. Ẹni tó bá ti rí píkọ́ọ̀pù tó ń ti oko bọ̀ ní ọjọ́ ọjà, tí àpò gbágùúdá ga ju orí ilé awakọ̀ lọ, tí àwọn èèyàn tún jókòó sórí àpò, mọ̀ pé tọ́ọ̀nù kan ti kọjá nílẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Ẹrù àpọ̀jù kì í sábà ṣẹ́ ṣáàfù lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: ó ń tẹ páìpù axle kọ, bíárìn etí táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì á gbó, ọ́ìlì á máa jò sórí bíréèkì. Nígbà tí awakọ̀ yóò bá fi mọ̀, ó ti ń gbọ́ ariwo bí ẹni ń lọ ata.

Ní Nàìjíríà, ọkọ̀ tí àwọn àgbà kọ́kọ́ fi mọ ẹrù oko ni Peugeot 504, èyí tí ilé-iṣẹ́ PAN bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975. Axle ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí nínú ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Henry Dangel ri pé ọkọ̀ yìí lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1980 ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé Peugeot 504 tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn jáde: wọ́n gbé ọkọ̀ náà ga, wọ́n sì fún táyà iwájú náà ní ohun tí yóò máa yí i. Èyí fi hàn pé kíkó ẹsẹ̀ tó lágbára sábẹ́ ọkọ̀ tí a ti mọ̀ kì í ṣe àṣà àwọn mẹkáníìkì ẹ̀bá ọ̀nà lásán. Iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó lórúkọ ni, àwọn tó sì ṣe é dáadáa fi ìwọ̀n ṣe é.

Toyota Hilux, tó jáde lọ́dún 1968, bẹ̀rẹ̀ sí í ní èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn ní 1979. Axle iwájú rẹ̀ nígbà náà jẹ́ irin kan ṣoṣo láti ọ̀tún dé òsì, tó jókòó sórí sípíríǹgì alábala. Fún ọjà Amẹ́ríkà, wọ́n pa èyí tì nínú àwọn Hilux tí wọ́n ṣe fún ọdún 1986, wọ́n wá ṣe é kí táyà iwájú kọ̀ọ̀kan máa lọ sókè sódò fúnra rẹ̀. Ìyẹn tuni lára lórí ọ̀dà. Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, irin kan ṣoṣo náà ṣì wà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ìdí nìyí tí Hilux tòkunbọ̀ méjì tí ọdún wọn kò jìnnà síra fi lè yàtọ̀ pátápátá lábẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó lọ ra axle, kó kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ wò ó. Bí ti iwájú bá jẹ́ irú èyí tí táyà kọ̀ọ̀kan ń dá lọ, iṣẹ́ láti sọ ọ́ di irin kan ṣoṣo tóbi gan-an, nítorí wọ́n ní láti gé ohun púpọ̀ kúrò lára ṣáṣí, kí wọ́n sì tún jó ibi tí sípíríǹgì yóò dì mú. A kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó ṣe é nítorí ẹrù gbágùúdá.

Èyí tó bọ́gbọ́n mu jù fún ọkọ̀ oko ni axle ẹ̀yìn. Ohun tó sì ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè lọ́jà, ni èyí: ṣé ṣáàfù ló ń gbé ìwúwo ọkọ̀ ni, àbí páìpù axle? Nínú axle Hilux, orí ṣáàfù ni táyà dì mọ́. Ṣáàfù náà ló ń yí táyà, òun náà ló tún ń ru ẹrù. Bí ó bá ṣẹ́ ní apá ìta, kò sí ohun mìíràn tó di táyà mú. Táyà lè jáde pẹ̀lú ìdajì ṣáàfù, kí ọkọ̀ fi ìdí sọlẹ̀ lórí eré. Nínú irú kejì, họ́ọ̀bù jókòó lórí bíárìn méjì tó yí páìpù axle ká, páìpù náà ló ń ru ẹrù, ṣáàfù kàn ń kọjá láàrin rẹ̀ láti wá yí họ́ọ̀bù ni. Bí ṣáàfù yìí bá ṣẹ́, táyà kò lọ síbì kankan. Awakọ̀ lè tú bóòtì orí họ́ọ̀bù, kó fa ṣáàfù tó ṣẹ́ jáde, kó sì fi axle iwájú wọ́ ọkọ̀ dé ilé. Ọkọ̀ tó gbé èèyàn mẹ́wàá sórí àpò iṣu, kò sí ohun tó lè ṣe pàtàkì ju ìyàtọ̀ yìí lọ.

Bí a ṣe lè mọ̀ ọ́n kò le. Irú kejì yìí máa ń ní orí họ́ọ̀bù tó yọ síta gbangba láàrin rímù, tí bóòtì tàbí nọ́ọ̀tì kéékèèké yí i ká. Irú kìíní kì í ní in. Ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ ni. Land Cruiser 75, píkọ́ọ̀pù tó wà lára àwọn ẹbí 70 tí Toyota gbé jáde lọ́dún 1984, ni ọ̀kan nínú àwọn tí àwọn èèyàn máa ń wá axle rẹ̀, nítorí orí páìpù ni ẹrù rẹ̀ wà, àti nítorí pé jíà ńlá inú difrẹ́ńṣà rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 9.5, nígbà tí ti Hilux jẹ́ ínṣì 8. Ínṣì kan àbọ̀ lè dà bí ohun kékeré lójú, ṣùgbọ́n eyín jíà tó tóbi, tó nípọn, ni ó ń fún ni.

Ọjà tí èèyàn ti ń rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì: Ládípọ̀ ní Múṣin l'Ékòó, àti Àrárọ̀mí ní Agodi Gate n'Íbàdàn. Àlòkù ni wọ́n, kò sí ìwé ẹ̀rí tó ń bá wọn rìn. Nítorí náà, ojú àti ọwọ́ ẹni ni ìwé ẹ̀rí. Kí olùrà tú ìdérí difrẹ́ńṣà, kó ti ìka bọ ọ́ìlì inú rẹ̀. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀ rí. Bí ìka bá kó èérún irin tó ń dán, eyín jíà tàbí bíárìn ti ń lọ. Kó fi okùn gígùn tàbí irin títọ́ wo páìpù bóyá ó ti tẹ̀ kọ. Kó sì yí ẹnu jíà kékeré síwá sẹ́yìn: bí ó bá ń gbọ̀n, tó ń dún, kó wo axle mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ni kó ka eyín jíà. Èyí ni ibi tí iṣẹ́ máa ń bàjẹ́ jù. Iye eyín jíà ńlá, tí a bá fi iye eyín jíà kékeré pín in, ni iye ìgbà tí pùròpẹ́là gbọ́dọ̀ yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Eyín 41 pẹ̀lú 10 jẹ́ 4.10; 43 pẹ̀lú 10 jẹ́ 4.30, 39 pẹ̀lú 8 lé díẹ̀ ní 4.87. Axle iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹ̀yìn bá jẹ́ 4.10, tí iwájú sì jẹ́ 4.87, nígbà tí táyà ẹ̀yìn bá yí ní ìgbà 100, ti iwájú kò ní í fẹ́ yí ju 84 lọ. Ẹsẹ̀ kan ń sáré, ẹsẹ̀ kan ń fà sẹ́yìn. Nínú ẹrẹ̀, táyà lè yọ̀ láti fi bo àṣírí yìí. Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, jíà ni yóò san gbèsè náà. Ìyàtọ̀ kékeré bíi 4.10 sí 4.11 (ìyẹn eyín 37 pẹ̀lú 9) kò ṣe nǹkan kan, kò tó ìyàtọ̀ tó wà láàrin táyà tuntun àti táyà tó ti jẹ díẹ̀.

Fún axle tó ti wà lábẹ́ ọkọ̀, kò pọn dandan kí wọ́n tú u láti mọ iye rẹ̀. Kí awakọ̀ fi òkúta dí àwọn táyà tó wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ má baà yí, kó fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè, kó fi jíà sí nútírà, kó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà àti pùròpẹ́là. Kó yí táyà tó wà lókè ní ìgbà méjì géérégé, kí ẹnìkan máa ka iye ìgbà tí pùròpẹ́là ń yí. Nítorí pé táyà kejì wà nílẹ̀ tí kò yí, ìgbà méjì ti èyí tó wà lókè ni ó dúró fún ẹ̀ẹ̀kan. Bí pùròpẹ́là bá yí ìgbà mẹ́rin tó sì lé díẹ̀, ó ti sún mọ́ 4.10 nìyẹn.

Nígbà tí axle bá ti délé, iṣẹ́ wẹ́dà ló kù, ìyẹn sì ni iṣẹ́ tí àwọn èèyàn máa ń fi owó kékeré ra. Ibi tí sípíríǹgì yóò jókòó lé lórí axle Land Cruiser kì í sábà bọ́ sí ibi tí sípíríǹgì Hilux wà. Wọ́n ní láti gé àtijọ́ kúrò, kí wọ́n jó tuntun. Wẹ́dà tó bá jó páìpù yípo lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró yóò fi ooru yí i kọ, bíárìn kò sì ní í jókòó dáadáa mọ́ títí ayé. Díẹ̀díẹ̀ ni, kó jó níhìn-ín, kó lọ sí ọ̀hún, kó jẹ́ kí irin tutù. Ìkòkò àárín tó jẹ́ irin dídà, wọn kì í fi ọ̀pá wẹ́dà lásán jó o. Ó sì yẹ kí wọ́n yọ wáyà bátìrì kúrò, kí iná wẹ́dà má baà ba ẹ̀rọ tó ń gba iná sí bátìrì jẹ́, bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n ti ń jó o.

Kí wọ́n tó jó o pátápátá ni kí wọ́n ti wo ojú ibi tí ẹnu difrẹ́ńṣà kọ sí. Ẹnu náà àti ẹnu jíà tó wà láàrin ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ sí ọ̀nà kan náà, bí ọ̀nà ojú irin méjì, nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí táyà rẹ̀ pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ń wo ọ̀run tí èkejì ń wo ilẹ̀, ọkọ̀ yóò máa gbọ̀n lórí eré, àgbélébùú kékeré tó wà lẹ́nu pùròpẹ́là yóò sì máa jẹ. Pùròpẹ́là fúnra rẹ̀ lè gùn jù tàbí kó kúrú jù. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń yí irin ni kó gé e, kì í ṣe ẹni tó ní ayùn irin àti ìgboyà.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì kò ṣe é fi ṣeré. Bíréèkì axle ńlá lè gba omi bíréèkì ju èyí tí ọkọ̀ kékeré lè tì lọ, kí ẹsẹ̀ awakọ̀ wá máa rì sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Hilux àtijọ́ tún ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so axle ẹ̀yìn mọ́ fáàfù kan lára ṣáṣí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó, kó fún bíréèkì ẹ̀yìn ní agbára tó bá ẹrù náà mu. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń yọ ọ́ sọnù pé kò wúlò. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ọkọ̀ tó sófo lè fi ìdí yí padà nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lórí ilẹ̀ òjò. Kí wọ́n so ó padà, kí wọ́n sì tún ìwọ̀n rẹ̀ ṣe.

Rímù náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Hilux oní-táyà-mẹ́rin àtijọ́ àti Land Cruiser 75 ń lo bóòtì mẹ́fà, rímù wọn sì bára mu. Ṣùgbọ́n Land Cruiser 79, tó jáde lọ́dún 1999, ń lo bóòtì márùn-ún. Ẹni tó bá ra axle tirẹ̀ sí ẹ̀yìn Hilux yóò máa gbé táyà àpọ̀jù méjì kiri, ọ̀kan fún iwájú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Lójú ọ̀nà tó jìn sí ìlú, ìyẹn kò mọ́gbọ́n wá.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní owó ńkọ́? Láti ìgbà tí iye náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, píkọ́ọ̀pù tuntun ti kọjá agbára àgbẹ̀, àlòkù ẹ̀yà ara ọkọ̀ pẹ̀lú ti gbówó lórí. Òótọ́ tí ọ̀pọ̀ òǹtajà kì í sọ ni pé axle Hilux kò burú. Púpọ̀ nínú èyí tó ń fọ́, omi àti àìbojútó ló pa á. Nígbà tí axle tó ti gbóná bá wọ inú odò bí Ọ̀fíkì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé gba ẹnu rọ́bà tó ti gbó. Ojú ihò mímí kékeré kan wà lórí axle fún èyí, ẹrẹ̀ ló sábà máa ń dí i. Ẹni tó bá nù ún, tó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ so ihò náà gòkè títí dé ìsàlẹ̀ ibi ẹrù, tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì lẹ́yìn tó bá ti la omi jíjìn kọjá, tó sì dín àpò márùn-ún kù nínú ẹrù rẹ̀, lè máà nílò axle mìíràn láéláé.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹni tó ti pààrọ̀ rẹ̀ mọ̀: axle ńlá kò sọ píkọ́ọ̀pù di lọ́rì. Ṣáṣí rẹ̀ kò yí padà, sípíríǹgì rẹ̀ kò yí padà, ìwọ̀n tí táyà rẹ̀ lè gbé ṣì wà bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ara táyà. Bí jíà axle tuntun bá yàtọ̀ sí ti àtijọ́, aago tó ń ka eré náà yóò máa parọ́, nítorí ibi jíà ló ti ń ka eré, kì í ṣe ara táyà. Awakọ̀ lè rò pé 80 lòun ń sá, kó sì ti kọjá 90.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti so ó tán, kí ọkọ̀ rìn láìgbé ẹrù fún ọjọ́ díẹ̀ ní àyíká ìlú. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ ni kí wọ́n tún fún nọ́ọ̀tì àwọn bóòtì ńlá tó di sípíríǹgì mọ́ axle, nítorí irin tuntun máa ń jókòó díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀tì á sì tú. Kí wọ́n fọwọ́ kan họ́ọ̀bù méjèèjì: èyí tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀, kí wọ́n tú u kí wọ́n wo bíárìn rẹ̀ kó tó di pé àpò gbágùúdá àkọ́kọ́ gun orí ọkọ̀.